Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò: Ariwo Méjì Lẹ́sẹ̀ Ẹ̀yìn

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá lórí àwa onímọ́tò. Lugbe ni mo ń gbé, níbí l'Àbújá. Oṣù tó kọjá ni mo ra Nissan 350Z kan, ti ọdún 2004, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, gíà ọwọ́ ni, irú mọ́tò tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Inú ọgbà ibi tí wọ́n ti ń tà á ni wọ́n ní kí n ti dán an wò, mo wà á lọ mo wà á bọ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan. Àfi ìgbà tí mo gbé e bọ́ sí Airport Road. Tí mo bá ti ń sún mọ́ 50, máìlì sì ni mítà ẹ̀ ń kà o, ìyẹn á tó nǹkan bíi 80 kìlómítà, ó máa bẹ̀rẹ̀ "wuuuuu" láti ẹ̀yìn bí ìgbà tí bàálù ń kọjá lókè, bí mo bá ṣe ń sáré sí i náà ló ṣe ń pọ̀ sí i, ó dà bí ẹni pé apá ọ̀tún ni. Èkejì ni pé tí mo bá fi ríbáàsì jáde nílé láàárọ̀, tí mo wá kó o sí gíà kìíní kí n máa lọ, màá gbọ́ "kọ̀!" ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí, ó di ìgbà tí mo bá tún ṣe ríbáàsì.

Mẹ́káníìkì mẹ́ta ló ti wò ó. Àkọ́kọ́ ní bẹ́rìn ẹ̀yìn méjèèjì ti lọ. Ìkejì ní gíà ẹ̀yìn ni, èyí tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, kí n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ìkẹta ní ṣáàfù ni, ó ní kí n lọ wá Belgium méjì, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun. Tí n bá ní kí n ṣe gbogbo ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ, owó yẹn ti fẹ́ tó ìdajì iye tí mo fi ra mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Mo fẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin fún ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin.

Àbúrò yín ní Lugbe

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, kú oríire mọ́tò o, Ọlọ́run á jẹ́ kó o lò ó pẹ́. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo méjì lo kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ò ń bi mí bí ẹni pé ẹyọ kan ni, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wò ó náà sì dá ẹ lóhùn bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bàjẹ́. "Wuuuu" yẹn ní ibi tó ti ń wá, "kọ̀!" yẹn náà ní ibi tiẹ̀, jẹ́ ká ya wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà.

"Kọ̀!" yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ torí ìyẹn ò le rárá. Àwọn tó ń lo 350Z mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, Infiniti G35 tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀ náà máa ń ṣe é, Nissan fúnra wọn sì ti kọ̀wé sí àwọn dílà wọn nípa bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Ohun tó ń fà á nìyí: ṣáàfù tó ti inú gíà ẹ̀yìn bọ̀, ẹnu ẹ̀ ní eyín, eyín yẹn ló wọ inú họ́ọ̀bù tí wọ́n de ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́, nọ́ọ̀tì ńlá kan wá fún un pa láti ìta. Èjìká ṣáàfù yẹn sinmi lé ojú bẹ́rìn, irin lórí irin. Tí gíríìsì àárín wọn bá ti gbẹ, tí ìpáta díẹ̀ ti mú un, ìgbà tó o bá ti ń lọ sẹ́yìn tó o wá yí i sí iwájú, agbára á yí padà lójijì, irin méjì yẹn á yọ̀ lórí ara wọn díẹ̀, á ní "kọ̀!" Kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tó o bá tún yí i padà. Bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àtúnṣe ẹ̀ ni kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì yẹn, kí wọ́n ti ṣáàfù wọlé díẹ̀, kí wọ́n nu ojú irin méjèèjì mọ́ tónítóní, kí wọ́n fi gíríìsì tó dáa sí i, kí wọ́n wá fún nọ́ọ̀tì padà bí ìwé mọ́tò ṣe ní kí wọ́n fún un. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn o, kì í ṣe kí wọ́n ki páìpù bọ sípánà kí èèyàn méjì máa gùn ún títí tó fi há. Wá ẹni tó ní torque wrench, sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe fún tó. Ṣáàfù Belgium méjì tí wọ́n ní kó o rà, wọ́n á dé ẹsẹ̀ mọ́tò yẹn pẹ̀lú ojú irin gbígbẹ bákan náà, "kọ̀!" á sì tún padà wá bá ẹ.

Tó bá jẹ́ pé "gbọ̀!" ńlá lò ń gbọ́, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó o bá fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù tàbí tó o yọ ẹsẹ̀ kúrò ló ń ṣe é, tó o ń mọ̀ ọ́n lára nínú ìjókòó, ọ̀rọ̀ míràn nìyẹn. Búùṣì tó gbé gíà ẹ̀yìn dúró, àwọn 350Z ìgbà àkọ́kọ́ ní omi kan nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ kó rọ̀, tó bá ti ya, omi dúdú yẹn á máa kán sílẹ̀, gíà yẹn á sì máa fò sókè sódò. Tí wọ́n bá gbé mọ́tò sókè, kí wọ́n wo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí omi dúdú yẹn, wọ́n ní ọ́ìlì gíà ló ń jò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ síìlì.

Ó wá ku "wuuuu".

Èyí ló dùn mí jù láti kọ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo ní Toyota Celica kan nígbà tí mo ń gbé ní Kubwa, ó ń kùn lẹ́yìn báyìí, wọ́n ní bẹ́rìn ni, mo ra ọ̀kan, kò lọ, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ èkejì, mo ra ìyẹn náà, kò lọ. Owó tí mo ti tọ́jú fún nǹkan míràn nínú ilé ló bá a lọ. Nígbà tó yá, fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà mi nítòsí ilé ló fọwọ́ pa á, ó ní "Alhaji, táyà yín ti gé eyín o." Táyà ni láti ọjọ́ náà. N ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o ṣe àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí kó o tó ná kọ́bọ̀.

Láàárọ̀ Sunday tí ọ̀nà dá, gbé e bọ́ sí Airport Road, pa rédíò, pa AC, ṣí wíńdò méjèèjì díẹ̀. Jẹ́ kó dé ibi tó ti ń kùn dáadáa. Kó o wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, fi gíà sí níútírà, jẹ́ kó máa fúnra ẹ̀ yí lọ. Má pa ẹ́ńjìnì o, tó o bá pa á, sítíárì á le, búréèkì náà á le. Tí ariwo yẹn bá lọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń rọlẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì tàbí èsọ́ọ̀sì ló ti ń wá, ẹsẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tó bá ń kùn lọ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé bí mọ́tò ṣe ń dẹwọ́ eré ni òun náà ń dẹwọ́, nǹkan tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, tún kó o sí gíà, tẹ tọ́tù, yọ ẹsẹ̀, tẹ ẹ́, yọ ẹsẹ̀. Gíà ẹ̀yìn tó ti ń jẹ máa ń yí ohùn padà níbẹ̀: á máa hu tó o bá tẹ tọ́tù, á dákẹ́ tó o bá yọ ẹsẹ̀, tàbí kó ṣe òdìkejì. Bẹ́rìn àti táyà ò bìkítà bóyá o tẹ tọ́tù tàbí o ò tẹ̀ ẹ́.

Tó o bá dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ gígùn, tẹ́tí sílẹ̀. Tí mọ́tò bá ń yà sí òsì, ẹrù ẹ̀ á wọ́ sí apá ọ̀tún, bẹ́rìn ọ̀tún tó bá ti ṣe nǹkan á ké sókè, tó o bá wá ń yà sí ọ̀tún á rọlẹ̀ tàbí kó dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé yíyà sí ọ̀tún ló ń mú un ké, bẹ́rìn òsì ni kó o lọ wò. Ojú ọ̀nà tó tẹ̀ fúnra ẹ̀ ti tó, má máa ju sítíárì síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín ọ̀nà o, mo bẹ̀ ẹ́. Fi etí sí ojú ọ̀nà náà: ibi tí kóòtà ti dán, àti ibi tó ti hun. Táyà máa ń yí ohùn padà bí ojú ọ̀nà bá yí padà. Bẹ́rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí tiẹ̀ padà, ohùn kan náà ló ń ké lórí kóòtà dídán àti lórí èyí tó hun. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ló ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mẹ́káníìkì jù, torí ìdúró ni wọ́n máa ń wo mọ́tò, wọn kì í bá èèyàn gun ọ̀nà.

Tó o bá padà délé, kí mọ́tò tó tutù, na ọwọ́ sún mọ́ àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, má fọwọ́ kan dísìkì o, á jó ẹ. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún bá gbóná ju ti òsì lọ gan-an, búréèkì lè máa há níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ bẹ́rìn.

Wá wo táyà. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wàá rí DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún. 2313 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2013. Michelin ní tí táyà bá ti lo ọdún 5 kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, tó bá pé ọdún 10 kí wọ́n yọ ọ́ dànù, kódà tí eyín ẹ̀ bá ṣì pọ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ẹ̀ lọ, kó o tún pa á bọ̀. Tó bá yọ̀ tó o bá ń lọ, tó wá ń gé ọwọ́ tó o bá ń bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa ìpẹ́ ẹja lódìlódì, táyà yẹn ló ń hu. Sì rí i dájú pé o wo ẹ̀gbẹ́ inú, èyí tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò, torí irú mọ́tò báyìí inú ló ti ń jẹ táyà, ìta á dà bíi tuntun, inú á ti pá. Tó bá jẹ́ mọ́tò lásán ni, ǹ bá ní kó o gbé táyà ẹ̀yìn síwájú ká wò ó bóyá ariwo á tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ti 350Z kì í dọ́gba, tó bá jẹ́ rímù 18 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ, 225/45 ló máa ń wà níwájú, 245/45 lẹ́yìn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàrọ̀ wọn.

Ó ku bẹ́rìn fúnra ẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, òkúta níwájú táyà iwájú méjèèjì àti lẹ́yìn wọn, jáàkì, kó o wá gbé sítáǹdì irin sábẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ilé, búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì, àwọn èèyàn sì ti bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Tú háńbúréèkì, fi gíà sí níútírà. Di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, tì í, fà á. Kò gbọdọ̀ mì. Lẹ́yìn náà fi ọwọ́ kan yí ẹsẹ̀ yẹn, gbé ọwọ́ kejì lé sípírìn tó wà nítòsí ẹ̀. Bẹ́rìn tó dáa, o ò ní mọ nǹkan kan lára sípírìn. Èyí tó ti bàjẹ́, wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ ata lórí ọlọ, kódà tí etí ò bá tíì gbọ́ ọ. Ọwọ́ kì í purọ́ níbẹ̀.

Ti Ìlọrin, àbúrò mi, dákun, má gbé e lọ títí wàá fi mọ ohun tó ń ké. Bẹ́rìn tó ti ń mì kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń gbé gba Lọ́kọ́ja, táyà tó ti darúgbó nínú oòrùn ọ̀sán náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ. Ìgbéyàwó á ṣe, wọ bọ́ọ̀sì lọ. Kọ̀wé sí mi.

Ó TÚN KỌ̀WÉ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin bí ẹ ṣe wí, ìgbéyàwó dùn. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ní níútírà ó ń kùn lọ, tọ́tù ò yí i padà, ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ náà ò yí i padà, ṣùgbọ́n lórí kóòtà dídán ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún, tó bá dé ibi tó hun, háà, etí á fẹ́ di. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì, 1913 ló wà lára wọn. Mo wo inú ẹ̀, ó ti pá pátápátá, ojú ẹ̀ sì rí bí ìpẹ́ ẹja tẹ́ ẹ sọ yẹn. Mo ra táyà tuntun méjì, mo ṣe aláìnmẹ́ńtì, "wuuuu" lọ. Ẹnì kan ní Kugbo bá mi fi gíríìsì sí ṣáàfù, "kọ̀!" náà lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ṣáàfù yẹn, tí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ẹ́síteètì, mò ń gbọ́ "ṣẹẹ, ṣẹẹ, ṣẹẹ" lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún. Ẹ̀rù tún ti ń bà mí.

ÌDÁHÙN

Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá ka lẹ́tà ẹ. Táyà ọdún 2013! Bóyá orí wọn ni mọ́tò yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí gbogbo èèyàn sì ń wo bẹ́rìn.

"Ṣẹẹ" yẹn, fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn dísìkì búréèkì, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń bá a gba ẹrẹ̀ àti eruku. Ọwọ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ń fa ṣáàfù yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ṣeé ṣe kí irinṣẹ́ kan ti kàn án, ó wá ń ha dísìkì. Òkúta wẹ́wẹ́ náà lè há sáàárín wọn, nígbà míì tó o bá ṣe ríbáàsì díẹ̀ á já bọ́. Kí wọ́n tú ẹsẹ̀ yẹn, kí wọ́n wo ibi tó ti dán lára páànù, ibẹ̀ ló ti ń ha, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, ó ti tán, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ṣùgbọ́n kó o tó lọ, dán nǹkan kan wò nínú ẹ́síteètì níbi tí èèyàn ò sí. Háńbúréèkì 350Z kò lo páàdì tí ẹsẹ̀ ń lò, ó ní bàtà tiẹ̀ nínú ikùn dísìkì ẹ̀yìn, bíi ti mọ́tò àtijọ́. Bó o ṣe ń rìn jẹ́jẹ́, fa háńbúréèkì sókè, ẹyọ kan tàbí méjì péré, jẹ́jẹ́. Tí "ṣẹẹ" yẹn bá yí padà tàbí tó pọ̀ sí i, bàtà yẹn ni, ó lè jẹ́ pé wọ́n fún un jù tàbí sípírìn kékeré inú ẹ̀ ti já, kí wọ́n yọ dísìkì kí wọ́n wo inú. Tí kò bá yí padà, páànù ni.

Nǹkan méjì míì tí n ò ní fẹ́ kó o gbàgbé. Wọ́n ti tú ẹsẹ̀ mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó o bá ti rìn tó 100 kìlómítà lẹ́yìn tí wọ́n tú u, fi torque wrench yẹ àwọn nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tó de rímù wò, 108 Nm ni ti Nissan yẹn. Èkejì ni aláìnmẹ́ńtì. Ṣé wọ́n fún ẹ ní ìwé tí kọ̀ǹpútà wọn tẹ̀ jáde? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é, iwájú nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, wọ́n á ní ẹ̀yìn kì í ṣeé tún ṣe. Ti 350Z ṣeé tún ṣe lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ àti bó ṣe kọjú síwájú, nọ́ọ̀tì méjèèjì wà níbẹ̀. Táyà méjèèjì tó jẹ nínú lọ́gbọọgba ń jẹ́ kí n rò pé bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ní mọ́tò yẹn ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gé sípírìn tàbí ó fi èyí tó kúrú sí i. Tí wọn ò bá tún ẹ̀yìn yẹn ṣe, àwọn táyà tuntun yìí náà á jẹ lọ́nà kan náà, wàá sì tún kọ̀wé sí mi nípa "wuuuu". Padà lọ béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ LÁTI KÀDÚNÁ

Olóòtú, mo kí ọ o. Ìyá ẹni ọdún 61 ni mí, mi ò mọ mọ́tò, ṣùgbọ́n ọmọ mi ra mọ́tò onílẹ̀kùn méjì kan tó ń sáré, ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ "gbì-gbì-gbì" lábẹ́ mi láti ẹ̀yìn. Ó ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pààrọ̀ táyà ẹ̀ sí tuntun ló bẹ̀rẹ̀, mẹ́káníìkì ẹ̀ sì ní "ba matsala", kò séwu. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjọ́ mà. Etí yín dáa, mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé. Rárá o mà, ewu wà níbẹ̀. Ariwo tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹsẹ̀ mọ́tò, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ yẹn lèèyàn á kọ́kọ́ wò, kó tó ronú nǹkan míì rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó dúró níbi tó bá wà, kó bọ́ sílẹ̀, kó fún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Tó bá rí ọ̀kan tó ti dẹ̀, kó yọ ẹsẹ̀ yẹn, kó wo ihò rímù, tí ihò yẹn bá ti fẹ̀ tàbí tó ti di ẹyin, kò gbọdọ̀ dá rímù yẹn padà síbẹ̀. Bóòtù tí eyín ẹnu ẹ̀ ti bàjẹ́ náà, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.

Kó tún bi ara ẹ̀ bóyá wọ́n fi irin kan sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù kí ẹsẹ̀ lè yọ síta kó sì gùn lójú. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ẹ̀. Tí ihò àárín ẹ̀ ò bá bá họ́ọ̀bù mu, ẹsẹ̀ ò ní jókòó sí àárín gbùngbùn, á máa lù gbì-gbì, nọ́ọ̀tì á sì máa tú fúnra ẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì bá dáa, tí irin bẹ́ẹ̀ ò sì sí, kí fọkanáísà wo táyà tuntun yẹn bóyá ó ti wú níbì kan, kí wọ́n sì tún un ṣe báláńsì. Títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀, mà, ẹ bá ẹlòmíràn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ZARIA

Ẹ̀gbọ́n, bẹ́rìn ẹ̀yìn mi ti lọ lóòótọ́, mo ti ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ lé sípírìn. Ṣé kí n ra Belgium ni tàbí tuntun? Belgium wọ́n ní original ni.

ÌDÁHÙN

Tuntun. Nǹkan tó wà nínú mọ́tò tí mo lè ní kó o ra Belgium ẹ̀ pọ̀, gíà ẹ̀yìn, apá irin, ṣáàfù pàápàá tí rọ́bà ẹ̀ bá ṣì dáa, ṣùgbọ́n bẹ́rìn kọ́. Original ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n original tó ti rìn níbòmíràn fún ọdún mélòó kan ni, o ò mọ iye máìlì, o ò mọ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́, o ò sì mọ bí wọ́n ṣe yọ ọ́. Wọ́n sábà máa ń fi òòlù lù ú jáde, ẹẹ̀kan tí òòlù bá ti ba ọta inú ẹ̀, àpá á wà lójú ibi tí ọta ń gbà, á ké láàárín oṣù díẹ̀. Mú nọ́ńbà VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò ẹ, dání, gbogbo 17, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tuntun, kó fi wá èyí tó bá tìrẹ mu, torí ti ọdún kan lè yàtọ̀ sí ti ọdún kejì.

Tó bá jẹ́ irú èyí tó wọnú họ́ọ̀bù nípa fífún, máṣíìnì tó ń tẹ nǹkan ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, láti ẹ̀gbẹ́ òde bẹ́rìn, kì í ṣe láti àárín. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi bóòtù dè, ìyẹn rọrùn, ṣùgbọ́n wo wáyà ABS, ti búréèkì, tó wà lára ẹ̀ kí wọ́n má bàa já a, àìmọye èèyàn ló ti bá bẹ́rìn tuntun jáde tí iná ABS wá ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹyọ kan tó bàjẹ́ yẹn ni kó o pààrọ̀. Tí wọ́n bá ní kó o ṣe méjèèjì, ní kí wọ́n yí èkejì lójú ẹ, kí ìwọ fúnra ẹ gbé ọwọ́ lé sípírìn.